Làábù Agogo Méjì, Bọ́ọ̀lù Agogo Mẹ́rin: Ohun Tó Ń Dí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Lọ́wọ́ Lórí Pápá

Ẹni tó bá gba Under G kọjá l'Ógbómọ̀ṣọ́ nírọ̀lẹ́ á rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fi okùn bàtà bọ́ọ̀lù kọ́rùn, tí wọ́n ń yára lọ sí pápá. Ẹ wò wọ́n dáadáa, ẹ ó rí i pé kóòtù funfun tí wọ́n ń wọ̀ ní làábù wà nínú ọ̀rá tí àwọn kan nínú wọn gbé dání. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ́ ọ̀kan nínú irú wọn, àmọ́ n kò ní dárúkọ ilé ìwé tirẹ̀ níbí. 300 level ló wà, Mechanical ló ń kọ́, ẹ̀yìn ló ń gbá. Làábù rẹ̀ ti Ọjọ́bọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní agogo méjì ọ̀sán, ó di agogo márùn-ún. Ìgbáradì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́rin. Ìparí làábù ni wọ́n sì ti ń buwọ́ lùwé pé èèyàn wá. Tó bá dúró, akọ́nimọ̀ọ́gbá á ní ọwọ́ yẹpẹrẹ ló fi mú bọ́ọ̀lù. Tó bá lọ, olùkọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá. Èèyàn méjì ló ń bá a wí, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sì tọ̀nà.

Àríyànjiyàn lórí bí ilé ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣe lè gbá bọ́ọ̀lù tó dáa láì sọ ìwé di yẹ̀yẹ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní Atlanta, ní Amẹ́ríkà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní Georgia Tech. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025 ni iná rẹ̀ tún ti ràn sí i, torí ọjọ́ náà ni àwọn yunifásítì ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ́tọ̀ọ́ láti máa sanwó tààrà fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣeré ìdárayá fún wọn. Kí á tó dé orí owó, ẹ jẹ́ kí á mọ irú ilé ìwé tí à ń sọ.

Bọ́ọ̀lù tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá lọ, akoto ni wọ́n ń dé sórí, wọ́n á sì máa kàn lu ara wọn bí àgbò. Ọdún 1885 ni wọ́n dá Georgia Tech sílẹ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀rọ. Nígbà tó di 1913, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ibi ìjókòó oníkọnkéré tó kọ́kọ́ wà ní pápá wọn, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ilé ìwé oníṣẹ́ ọwọ́ ni lóòótọ́. Ní 1916, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá John Heisman, wọ́n na Cumberland College ní 222 sí òdo. Mo mọ̀ pé ẹ ó rò pé àṣìkọ ni. Kì í ṣe àṣìkọ. Wọ́n di ọ̀gá ní gbogbo Amẹ́ríkà ní 1917, ní 1928, ní 1952, wọ́n sì tún pín ipò náà pẹ̀lú Colorado ní 1990. Ẹni tó bá ní ìwé ẹ̀rọ àti bọ́ọ̀lù kò lè gbé inú ilé kan, kó lọ bá ìtàn yìí jà.

Ẹnu ọ̀nà ni wàhálà wọn wà. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè gboyè ní Georgia Tech láì ṣe calculus, ìyẹn ẹ̀ka ìṣirò tó ń fojú àwọn ọmọ 100 level wa rí màbo. Ì báà ṣe ẹ̀kọ́ okòwò lo fẹ́ kọ́, wàá ṣe é. Ní àwọn yunifásítì ńlá tí wọ́n jọ ń figagbága, ọmọ tó lágbára tí orí rẹ̀ kò gba ìṣirò á rí ẹ̀kọ́ mìíràn wọ̀, ẹ̀kọ́ náà á sì gbà á. Ní Tech, ìlẹ̀kùn tó wà kò pọ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá ń wá ọmọ kiri ilé ẹ̀kọ́ girama gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í léèrè ìwé èsì rẹ̀ kó tó wo bó ṣe ń sáré, ọ̀pọ̀ èyí tó sì ń sáré jù ni yóò fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Àmọ́ àwọn tó wọlé tí wọ́n sì ṣe méjèèjì wà. Calvin Johnson gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ láti 2004 sí 2006, òun sì ni ẹni kejì tí wọ́n mú nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NFL, líìgì bọ́ọ̀lù tó ga jù lọ́dọ̀ wọn, ń ṣa agbábọ́ọ̀lù ní 2007. Ìmọ̀ ilé kíkọ́ ló ń kà. Nígbà tí àwọn èèyàn ń sọ pé òun ni màjẹ̀sín tó mọ bọ́ọ̀lù gbé jù, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ilé ìyàgbẹ́ tó ń lo agbára oòrùn, èyí tí wọ́n fẹ́ lò fún àwọn ará abúlé ní Bolivia.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti wú mi lórí jù ni ọdún 1964. Líìgì tí Tech wà nígbà náà, SEC, ní òfin kan pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù àti básíkẹ́tì kò gbọ́dọ̀ ju 140 lọ nílé ìwé kan. Òfin kan náà tún gbà wọ́n láyè láti mú ọmọ tuntun 45 lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. 45 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 180. Níbo ni 40 tó lé máa gbà? Ohun tí àwọn ilé ìwé kan ń ṣe ni pé wọ́n á gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò bá dáa tó bí wọ́n ṣe rò, kí àyè lè ṣí fún ẹlòmíràn. Bobby Dodd, tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Tech láti 1945 sí 1966, ní irú ẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ọmọ tí òun bá ti lọ mú wá láti ilé bàbá rẹ̀, tó sì ń kàwé rẹ̀ bó ṣe yẹ, òun kò ní lé e torí pé òun ló ṣi ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Tech bẹ SEC kí wọ́n yí òfin náà padà. Wọn kò yí i. Ní oṣù kìíní ọdún 1964, Tech kó ẹrù rẹ̀, ó jáde.

SEC yẹn ló di ọ̀kan nínú líìgì yunifásítì tó lówó jù ní Amẹ́ríkà lónìí. Torí náà àwọn olólùfẹ́ Tech wà tó ṣì ń ká ìka àbámọ̀ jẹ. Èmi ò bá wọn ká a. Àwa òbí máa ń rò pé ìdíwọ̀n ẹ̀kọ́ ni máàkì tí ọmọ fi wọlé, pé tí ilé ìwé bá ti rọra gbé e wálẹ̀ díẹ̀ fún agbábọ́ọ̀lù, ó ti bà jẹ́ nìyẹn. Tó bá sì gbé e sókè, ó ti dáa. Ohun tí Dodd rí yàtọ̀. Gbèsè wà lọ́rùn ilé ìwé láti ọjọ́ tí ọmọ bá ti wọlé. Ilé ìwé tó ń gba ife ẹ̀yẹ lórí ọmọ ọlọ́mọ, tí kò wá bìkítà bóyá ó yege, òun gan-an ló rẹ ìdíwọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀, bí máàkì àbáwọlé rẹ̀ ga dé àjà.

Òfin tó ń dè wọ́n lónìí, ọ̀dọ̀ NCAA ló ti wá, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ máa gbá bọ́ọ̀lù lọ, ó gbọ́dọ̀ ti parí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ tó máa fi gboyè kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta, ìdá 60 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ọdún kẹrin, àti 80 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìkarùn-ún. Òfin yìí kò ni ilé ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ lára tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ bá wọlé tó sì ń gbé ibẹ̀. Láti 2021 ni wọ́n ti gbà pé agbábọ́ọ̀lù lè ṣí lọ sí yunifásítì mìíràn lẹ́ẹ̀kan kó sì gbá bọ́ọ̀lù lójú ẹsẹ̀; ní 2024 wọ́n ní kò sí iye ìgbà, tí ìwé rẹ̀ bá ṣáà ti wà létòlétò. Ẹ wá wo ọmọ tó ti lo ọdún méjì níbòmíràn, tó mọ bọ́ọ̀lù bí idán. Kọ́ọ̀sì tó gbé wá tí kò bá wọ inú ẹ̀kọ́ tó máa kọ́ ní Tech, kò kà á sí. Kò ṣe calculus rí. Ọmọ tó ti dé ìdajì ọ̀nà lọ́hùn-ún lè débí kó máà ní ìdá 40, kó sì di ẹni tó ń wòran lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Bẹ́ẹ̀ yunifásítì mìíràn tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbòòrò á ti wá ibi tó fi í sí.

Àwa náà mọ irú rẹ̀. Ẹni tó fi ND láti Poli wọ yunifásítì nípa Direct Entry mọ̀ pé bó ti wù kí ND òun dára tó, 200 level ni wọ́n á fi òun sí; ọdún tó ti lò ti lọ nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta èèyàn tó jókòó sí pápá tí wọ́n ń retí ẹni Direct Entry lọ́jọ́ Sátidé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilé ìwé Atlanta yẹn mọ́ bí ẹyin. Ní 2005, NCAA fìyà jẹ ẹ́, wọ́n fi í sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún méjì, torí akẹ́kọ̀ọ́ 17 ti ṣeré fún un nígbà tí ìwé wọn kò tó èyí tí òfin là sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti bọ́ọ̀lù. Wọn ò ní wọ́n jí ìdánwò, wọn ò ní wọ́n fowó ra máàkì. Ìṣirò ni ọ́fíìsì ṣì ṣe lórí ẹni tó yẹ kó gbá àti ẹni tí kò yẹ. Ní Georgia Tech! Mo kà á tán, mo rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku ti owó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, adájọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tó parí ẹjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pe NCAA, èyí tí wọ́n ń pè ní House. Lábẹ́ rẹ̀, ilé ìwé kọ̀ọ̀kan tó bá wọ inú àdéhùn náà lè pín tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún àwọn eléré rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Ìbéèrè tí èyí gbé wá fún ilé ìwé ẹ̀rọ kò ṣòro láti yé èèyàn: tẹ́lẹ̀, ohun tó fi ń fa ọmọ mọ́ra ni pé oyè rẹ̀ á bọ́ ọ títí di ọjọ́ ogbó. Báyìí, ẹlòmíràn lè na owó sí i ní ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ta ló máa yan calculus? Àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún tún ní tiwọn lọ́tọ̀. Ẹsẹ̀ ló gbé Tobi Amusan láti Ìjẹ̀bú-Òde dé yunifásítì ní El Paso, ní Texas, kó tó di ọ̀gá àgbáyé ní 2022 nínú eré ìsáré tí wọ́n ti ń fo igi kọjá. Ọ̀pọ̀ ló sì ń gba ọ̀nà yẹn. Físà akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá lọ kì í jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ gba owó bó ṣe wù wọ́n, nítorí náà owó tuntun yìí lè wà lórí tábìlì kí ọwọ́ wọn má tó o.

Ọ̀nà kejì tún wà, òun ni ti Caltech, ilé ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ mìíràn ní California. Àwọn yẹn kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ torí eré, wọn ò rẹ ohunkóhun sílẹ̀, ẹni tó bá wù ló ń ṣeré. Ẹgbẹ́ básíkẹ́tì ọkùnrin wọn pàdánù ìdíje 310 léraléra nínú líìgì wọn, láti 1985 títí di oṣù kejì ọdún 2011, nígbà tí wọ́n fi àmì kan ṣoṣo gbégbá orókè, 46 sí 45. Ẹ wò ó, ìyẹn náà jẹ́ ìpinnu, ó sì lọ́lá tirẹ̀. Àmọ́ èmi ò rò pé ẹnikẹ́ni láti Takie dé Apákẹ́ lè fara da ọdún kan irú ẹ̀, ká má tíì sọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Àwa tí ariwo á ti sọ tí Crown FC, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ògbómọ̀ṣọ́, bá gba ọ̀mì nílé!

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á padà wálé. Yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí ìmọ̀ ẹ̀rọ méjì ni ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní: LAUTECH tó bẹ̀rẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́ ní 1990, àti ti Ìbàdàn tí wọ́n ń pè ní First Technical University tẹ́lẹ̀, tó ti wá ń jẹ́ orúkọ Abíọ́lá Ajímọ̀bi. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnu ọ̀nà kọ́ ni wàhálà wà. JAMB kò béèrè iye gọ́ọ̀lù tó o ti gbá wọlé. Ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísírì ló ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di ẹnjiníà, ẹni tó bá sì yege ló wọlé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa kì í mú agbábọ́ọ̀lù, ó ń wá a kiri láàárín àwọn tó ti wọlé ni. Ìyẹn kò sì burú tó bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí HiFL, líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga, bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ gba ife rẹ̀ ni ti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Makurdi. Ọmọ oko ló gbé ife lọ níwájú àwọn yunifásítì gbogboogbò tó ju wọ́n lọ léèyàn.

Àkókò ló ń pa tiwa. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ní òfin pé ẹni tí kò bá wá sí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò ní jókòó ṣèdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn lè ní ọ̀sán mẹ́ta lọ́sẹ̀ tí kò ní kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ, làábù ló gba ọ̀sán rẹ̀, yíya àwòrán ẹ̀rọ ló gba alẹ́ rẹ̀. SIWES tún wà, ètò tí ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, dá sílẹ̀ ní 1973 láti rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sẹ́nu iṣẹ́. Fún ẹnjiníà, oṣù mẹ́fà gbáko ni, 400 level ni ó sì máa ń bọ́ sí. Ẹ gbọ́ nǹkan tí ìyẹn túmọ̀ sí: ọmọ tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ láti 100 level, tí ojú rẹ̀ ti là, tí àwọn kékeré ń fi ṣe àwòkọ́ṣe, ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wúlò gan-an ni wọ́n rán an lọ sí iléeṣẹ́ ní Ọ̀tà tàbí Ìkẹjà. Kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ìyanṣẹ́lódì ni mo fẹ́ yára sọ kọjá, torí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Oṣù mẹ́jọ ni ti ASUU ní 2022, láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá. LAUTECH tún rí tirẹ̀ lọ́tọ̀ ní 2016 wọ 2017, nígbà tí Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ṣì jọ ni ín tí wọ́n sì ń fa owó rẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Tí wọ́n bá wọlé padà, sáà méjì ni wọ́n á rọ́ pọ̀ sínú àkókò ọ̀kan. Ohun tó kọ́kọ́ máa bọ́ nínú ìwé àkókò ni bọ́ọ̀lù.

Ibi tí àkókò ti dí báyìí ni ìwà àgálámàṣà ti ń wọlé. Gbogbo ẹni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù ilé ìwé rí ló mọ ohun tí wọ́n ń pè ní mẹ́síńárì: ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n háyà wá láti àárín ìlú, tí wọ́n ya káàdì fún. Mo ti rí èyí tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bi í ní orúkọ ẹ̀ka rẹ̀, ó ní "Engineering", wọ́n ní èwo nínú rẹ̀, ó ní "gbogbo rẹ̀." Ẹ̀rín pa wá lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ gidi kan ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì kí ẹni yìí lè gbá.

Tí mo bá ń sọ báyìí, àwọn àgbà á ní, "Ṣé Odegbami náà kò kàwé ni?" Òótọ́ ni. Ṣẹ́gun Odegbami kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ní Poli Ìbàdàn, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars, wọ́n gba ife àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976, ó sì gbá gọ́ọ̀lù méjì wọlé nígbà tí Nàìjíríà na Àlùjíríà ní 3 sí òdo láti gba ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní 1980. Mathematical ni wọ́n ń pè é. Adokiye Amiesimaka tí wọ́n jọ gba ife ti 1980 yẹn kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Èkó, wọ́n ń pè é ní Chief Justice. Mo gba gbogbo rẹ̀. Àmọ́ èèyàn méjì tí gbogbo wa ń dárúkọ láti nǹkan bí ọdún márùndínláàádọ́ta kò lè dípò ètò. Bí ètò bá wà ni, a ò ní máa rántí wọn tó báyìí.

Ètò yẹn kò sì ní kí á ní mílíọ̀nù dọ́là. Ohun tí Homer Rice bẹ̀rẹ̀ ní Georgia Tech nígbà tó jẹ́ ọ̀gá eré ìdárayá níbẹ̀, láti 1980 sí 1997, ni pé kí ẹnì kan wà tó ń mójú tó akẹ́kọ̀ọ́ eléré ní ìwé, ní eré, àti ní ìgbé ayé rẹ̀ lápapọ̀. NCAA padà mú ètò náà lò káàkiri. Lọ́dọ̀ tiwa, kí ẹnì kan ní ọ́fíìsì eré ìdárayá mú ìwé àkókò làábù àti ìwé ìdíje, kó tẹ́ wọn síra wọn kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ làábù ló ń pín akẹ́kọ̀ọ́ sí gúrúùpù. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lè wà ní gúrúùpù ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìdánwò kan náà ni, máàkì kan náà ni, ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n á tú. Ẹni tó bá sì ní carry-over méjì, ìyẹn kọ́ọ̀sì tó fìdí rẹmi nínú rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ tún ṣe, kó jókòó lọ́dún yẹn, bó ti wù kó mọ bọ́ọ̀lù tó. N kò bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi béèrè fún gúrúùpù ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Ẹni tó ń darí làábù náà ní kò sí wàhálà, àyè wà, kó ṣáà lọ gba ìwé tí ọ̀gá ẹ̀ka àti ọ́fíìsì eré ìdárayá bá jọ buwọ́ lù. Ọ̀gá ẹ̀ka ti buwọ́ lù ú. Ọ́fíìsì kejì ní kó máa lọ kó máa bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Wọ́n ní ìdíje lọ́jọ́bọ̀ yìí, agogo mẹ́rin. Nígbà tí mo pè é lánàá, ó ní òun ti kó kóòtù làábù àti bàtà bọ́ọ̀lù sínú báàgì kan náà.